Ẹsẹ̀ Ọkọ̀, Ẹsẹ̀ Màámi

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Keje

A gbé Màámi dé láti ọsibítù lónìí. Oúnjẹ ò tíì kan ẹnu mi.

Iṣẹ́ abẹ ìbàdí náà yọrí sí rere. Dókítà ní irin tí àwọn fi so egungun yẹn yóò pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ. Kò tó wákàtí kan láti ọsibítù dé ilé. Èmi ni mo wa ọkọ̀ Bàámi, Bàámi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Màámi na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn láàárín ìrọ̀rí mẹ́rin. Kí a tó dé afárá, wọ́n ṣì ń fi oúnjẹ ọsibítù ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn afárá ni kòtò bẹ̀rẹ̀. Mo rọra wọ èkíní, ọkọ̀ náà kàn gbá wa sókè bí ẹni pé a jẹ ẹ́ níyà, Màámi sì ké. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé.

Bàámi ń pariwo, "Kí ló dé? Kí ló ṣe é?" Wọ́n yí sẹ́yìn, wọ́n ń fi ọwọ́ táràrà nínú afẹ́fẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ojú wọn ò ti rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ. Kòtò mẹ́rìnlélógún ni mo kà kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Keje

Màámi là á mọ́lẹ̀ láàárọ̀ yìí: "Mi ò wọ mọ́tò yẹn mọ́. Ọjọ́ tí mo bá tún wọ̀ ọ́, òkú mi lẹ gbé."

Mo ní, "Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́gun àti Ẹtì ni wọ́n ní kí á máa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ yín ní ìrìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko."

"Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n rìn ni? Mo ti ń rìn kí ìyá dókítà yẹn tó lóyún ẹ̀."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo wá Bàámi títí. Inú ọkọ̀ ni mo ti bá wọn, lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ní ibi tí Màámi wà lánàá gan-an, wọ́n káwọ́ lérí orúnkún bí ẹni tó ń dúró de awakọ̀. Mo padà sínú ilé láìpè wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Keje

Àbúrò mi pè láti òkè òkun, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi pátákó yẹn sílẹ̀, ẹ háyà ọkọ̀ gidi." Mo háyà ọkọ̀ gidi. Ó ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Àwa mẹ́ta la gbé Màámi wọ inú rẹ̀, wọ́n di ojú, wọ́n ń gbàdúrà. Gegele àkọ́kọ́ ní ìparí àdúgbò wa ni wọ́n ti gbé ọwọ́ lé èjìká awakọ̀: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dá mi padà sílé."

A padà.

Ní ọ̀sán, Tíṣà Ìrìn pè. Màámi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní ọsibítù, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn tó fẹ́ padà lo ẹsẹ̀ wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yẹn ò ní dúró dè wá o. Tí wọn ò bá tètè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iṣan á gan. Tó bá ti gan, orí àga ni wọ́n á máa wà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 31 Oṣù Keje

Bàámi kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. "Ìyá Ìbejì, wọ aṣọ tó ti gbó, kí o sì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù."

Ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́yìn ilé, ó ti tó ọdún márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Bí mo ṣe ṣí i ni òórùn rẹ̀ gbà mí mọ́ra: epo dúdú, irin tó ti dípẹtà, ọṣẹ onílẹ́búlẹ́bú. Mo di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lójú ẹsẹ̀. Sípánà ṣì wà lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán tirẹ̀ tí Bàámi fi ọ̀dà funfun yà yí i ká, kí ẹni tó bá mú un lè mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú sípánà nọ́mbà mẹ́tàdínlógún láìṣìnà. Wọn ò nílò ojú níbẹ̀.

Nígbà yẹn, orí garawa tí a dojú dé ni mo máa ń jókòó sí, lẹ́nu ọ̀nà. N kì í wọlé. Bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á ní, "Ọwọ́ ìwé lọwọ́ tìẹ. Má fi pa gíríìsì." Àbúrò mi ni wọ́n ń fà wọlé, tó ń sunkún, tó kórìíra gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́, mo wà lórí garawa.

"Ó yẹ kí n bá ẹsẹ̀ mọ́tò yìí sọ̀rọ̀," ni Bàámi wí lónìí, "ṣùgbọ́n ojú ò sí nílé. Ojú tìẹ ni màá yá. Ọwọ́ tìẹ náà."

Mo ní, "Ọwọ́ ìwé ńkọ́, Bàámi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwé náà ti tó."

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara rẹ, fi sílẹ̀ lójijì, kí o ka iye ìgbà tó fò. Ọkọ̀ tó dáa á lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró. Iwájú tiwa fò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀yìn ò mira rárá, àfi bí ẹni pé mo ń ti ògiri.

"Iwájú ń jó, ẹ̀yìn ń ṣagídí," ni Bàámi wí. "Àárín àwọn méjèèjì nìyá rẹ wà."

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ

Òjò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti ara táyà torí òun ló rọrùn jù. Fọkanáísà ìkóríta ti fẹ́ ẹ títí ó fi le bí òkúta. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù ń fẹ́. Bàámi ní, "Ṣé ìyàwó mi wá jọ àpò sìmẹ́ńtì lójú ẹ ni?" Ó dín afẹ́fẹ́ kù. Ó yàtọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí bàtà méjì ń há ènìyàn tó wá bọ́ ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ ẹ̀kọ́ ìrìn kejì tún kọjá lọ. Màámi ò wo ojú mi ní gbogbo òwúrọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹjọ

Má-yára dé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tirẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n Má-yára tí Bàámi sọ ọ́ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn náà ni gbogbo ayé ń pè é. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàámi kó tó pa ọkọ̀ rẹ̀ tán. Mo rò pé ọkọ̀ yẹn ṣì ń yí nígbà tó bọ́ sílẹ̀.

Ó kó ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin wá, irin tí í dá ìfò ọkọ̀ dúró. "Ọ̀gá, èyí kì í bàjẹ́ láéláé! Òun làwọn tó ń gbé yanrìn ń lò."

Bàámi fi ọwọ́ pa ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò wọlé. "Má-yára, rírọ̀ ni mo ní kí o wá. Líle lo gbé dé."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dán an wò ná."

Ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ kí Bàámi tó dáhùn. Ó sì wo èmi tí mo mú sípánà lọ́wọ́, ó ní, "Ha! Ọmọ ọ̀gá mi! Ẹ ti kúrò lórí garawa?" Mi ò mọ̀ pé ó rántí.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ

A dán an wò. Bàámi ní kí n bu omi kún abọ́ kan, kí n gbé e sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn ọkọ̀. Omi tó bá dànù ni ìrora tí Màámi yóò jẹ. A lọ títí dé ibi tí ọ̀nà ti dábùú irin rélùwéè, a yí padà. Nígbà tí a délé, ẹnu kan péré ló kù nínú abọ́. Ṣòkòtò Bàámi ló mu ìyókù.

"Má-yára," ni wọ́n wí, "o ti wẹ̀ mí láìbọ́ aṣọ."

Màámi gbọ́ ẹ̀rín wa láti ojú fèrèsé. "Kí lẹ ń fi mọ́tò yẹn ṣe tó bẹ́ẹ̀?"

"À ń tún un ṣe fún yín ni, mà!" ni Má-yára dáhùn.

"Ẹ tà á!"

Má-yára tú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó kó o sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹjọ

Tíṣà Ìrìn fúnra rẹ̀ wá, nínú òjò, lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rán an. A mú Màámi dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní kí wọ́n dúró ká ka ení dé ẹ̀wá. Ẹ̀fà ni wọ́n ti jókòó, òógùn bò wọ́n.

Ó sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, "Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n á dì mú lọ́tùn-ún lósì, àtẹ̀gùn tí wọ́n á máa gùn díẹ̀díẹ̀, mi ò lè rù wọ́n wá síbí. Ẹ wá ọ̀nà gbé wọn wá kí oṣù yìí tó dé ìdajì."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀ lórí páálí lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, Bàámi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Òjò ń lu páànù òrùlé. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí kì í ṣe èyí tó lọ́ pọ̀ bí ejò. Irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n tò wọ́n léra, èyí tó gùn jù lókè, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀.

"Mélòó lo kà?"

"Méje."

"Tún un kà."

"Méje ni, Bàámi."

"Márùn-ún ni wọ́n ṣe mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́."

"Ta ló wá fi méjì kún un?"

Wọ́n ní, "Èmi ni. Mo ti gbàgbé. Ọlọ́run ló gbọ́, mo ti gbàgbé."

Ọdún tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni. Iṣẹ́ dẹ́kun ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún náà, mo rántí ìyẹn. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ń gbé sìmẹ́ńtì fún àwọn tó ń kọ́lé, kí ìdí rẹ̀ má baà wọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe fi irin méjì kún sípíríǹgì. Nígbà tí mo bá wálé fún ìsinmi, mo máa ń rí eruku aláwọ̀ eérú lórí ìjókòó, Màámi á ní, "Bàbá rẹ ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kọ́lé ni." Mo fi ọwọ́ gbọn eruku náà, mo jókòó.

Mo rántí bó ṣe rí ṣáájú ìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, èmi àti àbúrò mi lẹ́yìn, itan wa lẹ̀ mọ́ ìjókòó aláwọ nítorí ooru. Ọkọ̀ náà ń fì wá bí ìyá tó ń rẹ ọmọ. Màámi á máa kùn orin kan lẹ́nu. A kì í dé afárá kí oorun tó gbé wa lọ. Ìgbà kan wá tí mo ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó ń jan èèyàn mọ́lẹ̀. Mo rò pé èmi ni mo dàgbà.

Mo béèrè láti abẹ́ ọkọ̀, "Kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ́ nígbà tí mo jáde?"

"Ọdún tí o jáde ni àbúrò rẹ wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti mọ́ wa lára. Tí nǹkan bá le pẹ́, èèyàn á rò pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn."

Mi ò tètè jáde lábẹ́ ọkọ̀. Mo ní mo ń wo bóòtù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ méjì la fi tú u. Má-yára fi jáàkì gbé ìdí ọkọ̀, ó fi igi ńlá tì í lábẹ́. Bàámi fọwọ́ kan igi ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbà kí n wọlé sábẹ́ rẹ̀. Bóòtù ti dípẹtà, epo tí a rọ sí i lánàá ni kò jẹ́ kó gan pátá. Mo fa sípánà títí èékánná mi ya. Mo bú u.

Bàámi wá jókòó sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ wọlé, wọ́n gbé e lé ọwọ́ mi lórí sípánà. Ọwọ́ yẹn ṣì gbóná bí ti àtijọ́. "Má bá a jà. Fi ara rẹ lé e, kí o dúró. Irin mọ ẹni tó ń bínú." A fi ara lé e. A dúró. Ó fọhùn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ẹ́, ó sì yí.

A yọ irin méjì náà kúrò ní ọ̀tún àti ní òsì. A fọ àwọn tó kù, a ha ìpẹtà wọn, a fi gíríìsì sáàárín wọn kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Ìbejì mi pè láti yunifásítì wọn, wọ́n fẹ́ rí mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Mọ́mì, ta ló lù yín?" Gíríìsì ni.

Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹjọ

Ó rọ̀. Ó rọ̀ jù. Ó ń fì wá bí ọkọ̀ ojú omi, ó lọ sókè kò mọ ìgbà tí yóò padà wálẹ̀. Kí a tó dé rélùwéè, Bàámi ní kí n dúró. Má-yára tó ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé wa náà dúró. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n bì. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀, tí kò bì rí!

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní, "Rírọ̀ nìkan kọ́. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a dúró, tiwa sì ti kú. Má-yára, ṣọ́ọ̀kì irú ọkọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́. Kì í ṣe ti oníyanrìn."

"Ọ̀gá, wọn ò ṣe é mọ́!"

"Ṣé wọ́n ti wó gbogbo èyí tí wọ́n ṣe ni?"

Má-yára ti wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, inú mi dùn pé ó ń yára.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹjọ

Ìlú mẹ́ta ni Má-yára dé. Ó bá mẹ́rin lọ́wọ́ bàbá kan tó ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n wà nínú ìwé ìròyìn tó ti pọ́n, ẹnikẹ́ni ò lò wọ́n rí. Bàámi tẹ ọ̀kan. Ó wọlé jẹ́jẹ́, ó jáde jẹ́jẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ èémí ọmọ. "Èyí ni."

A fi wọ́n sí i, a sì pààrọ̀ rọ́bà ibi tí irin ti ń kan irin. Mo tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀: ó lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi tó dànù nínú abọ́ ò tó ṣíbí mẹ́ta.

Mo sáré lọ sọ fún Màámi. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò lọ."

Mo fẹ́ ké. Mo gbé omi, mo ń wẹ ẹ̀yìn wọn. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n kọ ojú sí ògiri. "O rò pé ìrora ni? Ìrora ò pa mí nígbà tí mo bí yín. Bàbá rẹ ni. Ó ń fi ọwọ́ wá mi nínú mọ́tò, kò rí mi. Mo rí ojú ẹ̀. Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí ẹ̀rù lójú ẹ̀ rí. Mi ò ní ṣe ìyẹn fún un mọ́."

Mo sọ fún wọn pé ojoojúmọ́ ni Bàámi ń lọ jókòó sórí ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Wọn ò mọ̀. Wọ́n ní kí n da omi sí i, omi ti ń tutù.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹjọ

Bàámi wọ yàrá lọ bá wọn ní ìyálẹ̀ta. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Ìyàwó mi." Wọn ò jáwọ́ nínú pípè wọ́n bẹ́ẹ̀ láti àádọ́ta ọdún. "Ẹ̀yìn lèmi náà á jókòó lọ́la. Ẹsẹ̀ rẹ á wà lórí itan mi."

"Tí mo bá ké ńkọ́?"

"Ké."

"Ìwọ á tún máa bẹ̀rù."

"Iwájú tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí. Tí mo bá di ẹsẹ̀ rẹ mú, kí ni mo tún ń wá?"

Màámi wá ní, "Ṣòkòtò tó mọ́ ni kí o wọ̀ o. Mo gbọ́ pé omi lo ń dà sára kiri."

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Kẹjọ

A lọ. A dé.

Mo kọ ìyẹn ná. Ojú ọ̀run mọ́, ọ̀nà gbẹ. Láti ẹ̀yìn ni Bàámi ti ń kọ́ mi, èmi tí mo ti ń wakọ̀ láti ogún ọdún: "Tẹ bíréèkì kí o tó dé kòtò. Fi sílẹ̀ kí táyà tó wọ̀ ọ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ nínú kòtò, iwájú ọkọ̀ ti dorí kodò ná, kò ní àyè tí yóò fi gbà á." Wọ́n ń ka ọ̀nà bí ẹni tó ríran. "Afárá nìyí. Rọra. Gálọ́ọ̀pù méjì lọ́wọ́ òsì. Ọmọ mi, ọwọ́ ọ̀tún."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màámi sọ pé "yéè". Kékeré ni. Ní ìgbà kejì mo gbọ́ tí Bàámi ní, "Mo mú un, mo mú un."

Tíṣà Ìrìn dúró lẹ́nu ibodè, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé àwa la gba ife ẹ̀yẹ. Màámi gbé ìgbésẹ̀ mẹ́ta láàárín irin méjì. Mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹjọ

Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án. Wọ́n bú Tíṣà Ìrìn ní ìgbà mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kẹjọ

Òjò ba ọ̀nà jẹ́, a gba ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Ata ti wọ́n, tòmátì ti wọ́n, Màámi ti ń kùn nípa rẹ̀, mo mọ̀ pé ara wọn ti ń yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹjọ

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, ẹ̀yìn dákẹ́ jù. Mo wo dígí. Àwọn méjèèjì ti sùn, orí Bàámi lára fèrèsé, ẹnu Màámi ṣí, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wà lórí itan Bàámi tó fi ọwọ́ méjèèjì yí i ká. Ọkọ̀ náà ń fì wọ́n lọ, fì wọ́n bọ̀.

A dé ẹnu ọ̀nà ilé. Mi ò yà. Mo wà á lọ títí dé òpin títì, mo yí padà, mo tún lọ. Epo wọ́n, mo mọ̀. Mo ṣí fèrèsé, afẹ́fẹ́ wọlé, mo sì ń kùn orin yẹn, kò sí ẹni tó gbọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Oṣù Kẹjọ

Ohùn kan ń dún lẹ́yìn lọ́wọ́ òsì, kín-ín, kín-ín. Èmi nìkan ni mo wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, mo bá rọ́bà tí kò jókòó dáadáa, mo tún un ṣe. Bàámi dúró níta, wọn ò sọ ohun tí n ó ṣe. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ní, "Ṣé o ti dá sípánà padà sáàyè rẹ̀?" Lẹ́nu wọn, oríyìn nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Òní ni mo gbé wọn lọ kẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé ni ilé ẹ̀kọ́ wọlé, mo gbọ́dọ̀ padà sí kíláàsì mi. Má-yára ni yóò máa gbé wọn lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kù. Ó ti fi ìyá rẹ̀ búra pé òun ò ní sáré. Bàámi ní àwọn yóò máa ka ọ̀nà fún un láti ẹ̀yìn.

Bàámi dúró dè wá nínú ọkọ̀ lónìí, lábẹ́ igi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kan lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà sí àgbàlá náà. Àga onítáyà ni a máa ń fi ti Màámi jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹnu ìlẹ̀kùn, wọ́n ní kí Tíṣà Ìrìn gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń kọ́ wọn ní ìrìn wá, kí n sì gbé àga mi kúrò níwájú àwọn. Mo wo Tíṣà Ìrìn. Ó mi orí pé kí n jẹ́ kí wọ́n lọ.

Wọ́n gbé irin síwájú, wọ́n tẹ ẹsẹ̀, wọ́n tẹ èkejì. Òkúta wẹ́wẹ́ ń dún. Èmi àti Tíṣà Ìrìn wà lẹ́yìn wọn, a na ọwọ́ sílẹ̀, a ò fi kàn wọ́n.

Bàámi gbọ́ ìró náà, wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n rò pé aláìsàn mìíràn ni. Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn wọlé kí ẹni náà lè ráyè kọjá, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi ń kí àlejò sọ pé, "Ẹ rọra o, mà. Ẹ kú ìfaradà. Ìyàwó tèmi náà wà nínú ilé, wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀ láìpẹ́, lágbára Ọlọ́run."

Màámi dúró. Èjìká wọn ń mì, mo rò pé ẹkún ni, mo sáré síwájú. Ẹ̀rín ni. Wọ́n tún gbé irin, ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i, márùn-ún, títí òjìji wọn fi bọ́ sórí ojú Bàámi.

"Bàbá," ni wọ́n wí, "sún fún mi."

Bàámi na ọwọ́ síta láti inú ọkọ̀, ọwọ́ náà sì bá wọn ní ibi tí wọ́n dúró sí.